Ojú Ọ̀tún Gleb

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kínní, 1977

Wọ́n ti dárúkọ wa. Gleb Artemyevich Sorokov ni ọ̀gá ọkọ̀, èmi Rodion Yegorovich Pakomov ni onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀. Ní oṣù kẹrin la ó gbéra lọ sí ilé òkè, ilé tó ń yí ayé po lójú òfuurufú. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró de gbólóhùn kan yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gágun sọ ọ́ tán, ohun tí mo ń rò ni pé bàtà mi ti ń jò.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti jẹ́ ẹni ìdúródè rí. A ó kọ́ gbogbo ohun tí àwọn tó ń lọ ń kọ́, a ó bá wọn dé ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì, a ó sì juwọ́ sí wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, Demyan Burlak àti Timur Askerov ni wọn yóò juwọ́ sí wa.

Mo sọ ọ́ fún Taisia nílé ìdáná. Ó ń gé kábéèjì. Kò dá ọ̀bẹ dúró.

"Ó dáa," ló wí. Nígbà tó ṣe díẹ̀: "Ta ni ọ̀gá rẹ?"

"Gleb ni."

Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi tó rẹ́rìn-ín. "Ó kéré tán, ẹni yẹn á dá ọ padà fún mi."

Òtútù ti dé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nísàlẹ̀ òdo. Páìpù omi ilé kẹta bẹ́ láàárọ̀, gbogbo ọ̀nà ń yọ̀.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

A ti inú igbó dé. Ọjọ́ mẹ́ta, èmi àti Gleb, páráṣúùtì kan, ọ̀bẹ kan, àti oúnjẹ tí kò lè yó ológbò. Bí ọkọ̀ bá já síbi tí kò yẹ, a gbọ́dọ̀ lè yè títí wọn ó fi rí wa. Gleb dáná bí ẹni tí wọ́n bí sínú igbó. Inú igbó náà ni wọ́n sì bí i sí lóòótọ́. Aṣọ́gbó ni bàbá rẹ̀ ní ìhà Vologda.

Lọ́jọ́ kejì, bí a ti ń yan ànàmọ́ kan ṣoṣo tó kù, ó sọ ìtàn ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ fún mi, láìjẹ́ pé mo bi í. Mo mọ ìtàn náà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ wọn dé iwájú ilé òkè, ó ku ogójì mítà, ẹ̀rọ kọ̀, wọn ò lè so ó mọ́ ilé náà, wọ́n sì yí padà sílé lọ́jọ́ kejì.

"Rodya, o mọ ohun tí ọmọdébìnrin kan bi mí nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ní kí n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀? Ó ní, 'Ẹ dé ẹnu ọ̀nà, kí ló wá ṣe yín tẹ́ ò wọlé?'" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo kàn fẹ́ wọlé ni, àbúrò. Mi ò béèrè ju ìyẹn lọ."

Bí a ti ń bọ̀, ẹ̀ka igi kan gbá a lójú. Ẹ̀ka ńlá ni, kò tiẹ̀ fara pamọ́. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde. "Igi náà mọ̀ pé mo ti ń darúgbó," ló wí, a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀ẹ̀mẹfà la so ọkọ̀ mọ́ ilé lónìí nínú ọkọ̀ àfidánrawò. Kò sí èyí tó yẹ̀. Gleb ló ń tukọ̀, èmi ń wo abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ọ̀nà ti kù tó, mo sì ń kà á.

"Kà á sókè, Rodya. Má sinmi, kà á lemọ́lemọ́."

Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ létí òun bí òun bá ń tukọ̀. Ó jọ pé ohùn mi tù ú lára. Foma Ilyich, olùkọ́ wa, ní a ti di ènìyàn kan tó ní orí méjì. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé bí ẹni gbé ẹ̀bùn.

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Wọ́n kó ọsàn dé sí ṣọ́ọ̀bù. Taisia tò fún wákàtí méjì, ó rí kílò méjì rà. Ulyana ọmọ wa bó ọ̀kan, ó wá wò mí láìṣẹ́jú.

"Pápá, ṣé lóòótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí?"

A kò gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ fún ará ilé. "Jẹ ọsàn rẹ."

"Ó ti yé mi," lọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wí, ó sì fi èèpo ọsàn náà sínú ìwé rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ

Gleb wá jẹun lọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án. Ó bu tíì fún ara rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ife ló dà á sí, sórí aṣọ tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó rọra gbé ìkòkò tíì kalẹ̀, ó fi ìka wá etí ife, ó rí i, ó wá tún bù ú.

Nígbà tó lọ tán Taisia ní, "Àbí ó ti mu nǹkan ni?"

Kò mu nǹkan kan. Ìka rẹ̀ yẹn ni mo ṣì ń rí.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Mo na iyọ̀ sí i lápá ọ̀tún nílé oúnjẹ, mi ò sì sọ̀rọ̀. Kò rí i. Mo na ọwọ́ yẹn síbẹ̀ títí ó fi rẹ̀ mí.

Ọjọ́ kejìlá

Sátidé. A rìn yí adágún ká, èmi àti Gleb. Omi ti dì gbagidi, àwọn bàbá arúgbó jókòó lórí àpótí wọn, wọ́n ń fi ìwọ̀ dẹja nínú ihò. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ bíi lọ́yà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan péré ló jáde lẹ́nu mi.

"Artemyich, ojú ọ̀tún yín ńkọ́?"

Kò dúró. Ó rìn tó ogún ìṣísẹ̀.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ tí ẹ da tíì sílẹ̀."

"Bá mi bẹ Taisia nítorí aṣọ yẹn." Ó tún rìn díẹ̀. "Oṣù kẹwàá ló bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí kọ́tìnnì ń ti òkè bọ̀ sílẹ̀. Àárín ṣì ń ríran díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ti lọ."

"Àwọn dókítà ńkọ́? Pátákó lẹ́tà tí wọ́n fi ń dán ojú wò ńkọ́?"

"Pátákó kan náà ni wọ́n ń lò láti ọdún mẹ́wàá! Jí mi lójú oorun, màá kà á fún ọ látòkè délẹ̀, màá tún kà á látìsàlẹ̀ lọ sókè." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò rí abẹ́rẹ́ yẹn, Artemyich."

"Ìwọ ń rí i. Kí lo rò pé mo fi lọ bẹ ọ̀gágun pé ìwọ ni mo fẹ́? Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ń ka nọ́mbà yá bíi tìẹ, tí ohùn rẹ̀ sì ń dá ṣáká bíi tìẹ."

Mo dúró lórí omi dídì. Bàbá arúgbó kan fa ẹja kékeré kan jáde, ó ń fò pàtàpàtà lórí yìnyín. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń rò pé wọn ó rí iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kan. Ojú kan tó ń fọ́ ló rí i.

Ọjọ́ kẹtàlá

Mi ò kọ nǹkan kan. Mo ní kí n kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlélógún

Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà jókòó lé wa lórí lónìí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n gbọ́ ọkàn wa, wọ́n gbé wa sórí ẹ̀rọ tó ń fi ènìyàn yí bí òòyì títí ara mi fi wúwo ní ìlọ́po mẹ́jọ. Gleb ka pátákó rẹ̀ bí àlùfáà tó ń ka àdúrà.

Dókítà Rimma Lvovna pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin yìí ti ń yẹ̀ mí wò láti ọjọ́ tí mo ti wọ ìlú yìí. Ó mọ àpá tó wà lórúnkún mi àti bí mo ṣe gbà á.

"Rodion Yegorovich, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń jẹ, ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ǹjẹ́ ohun kan wà tó yẹ kí n mọ̀ nípa ọ̀gá yín?"

Ohùn rẹ̀ tutù. Kò sí ìhàlẹ̀ níbẹ̀.

"Kò sí, Rimma Lvovna."

"Ó dáa."

Ó fọwọ́ sí ìwé wa. Gleb ń dúró dè mí níta, ó gbá mi lẹ́yìn gbàmù. Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún ìwé tèmi: inú mi dùn gan-an ni, títí mo fi dé ilé tí mo bọ́ bàtà.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Foma Ilyich pa abẹ́rẹ́ nígbà tó ku ọgọ́ta mítà, kò sì sọ fún wa. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kó máa ba nǹkan jẹ́ ká lè máa tún un ṣe. Mo la ẹnu láti kà, mi ò rí ohun tí màá kà.

"Mélòó?" Gleb bi mí.

"Ó ti kú."

"Mélòó, Rodya?"

"Abẹ́rẹ́ ti kú! Ẹ fojú wò ó, Artemyich, ẹ fojú wò ó!"

Mo rí i bó ti ń yí orí bí adìẹ tó fẹ́ ṣa àgbàdo, kó lè fi ojú òsì wo inú dígí. Kó tó yí i tán, a ti kọlu ilé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ariwo. Iná pupa kan ló kàn tàn.

Foma ṣílẹ̀kùn, ó yọjú. "Ẹ kú o, ẹ̀yin òkú. Ẹ jáde ká lọ jẹun."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Gleb ní oòrùn ló tàn sóun lójú. Oòrùn inú yàrá yẹn, gílóòbù kan ni, wọn kò sì tàn án lónìí. Foma mọ̀. Síbẹ̀ ó kọ "oòrùn" sínú ìwé rẹ̀, nítorí pé Gleb ló sọ ọ́.

Burlak àti Timur wọlé lẹ́yìn wa. Ó pa abẹ́rẹ́ fún àwọn náà. Wọ́n so ó.

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Yìnyín ti ń yọ́ lórí òrùlé, ó ń kán tó, tó, tó. Taisia ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

"Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo ti ń jẹun bí ẹni tó ń jẹ iyanrìn. Kí ló dé?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó jókòó.

"Tó o bá dákẹ́ ńkọ́?"

"Ó lè máà sí wàhálà kankan. Ọkọ̀ ló sábà máa ń so ara rẹ̀. Àfi tí ẹ̀rọ bá kọ̀ ni ojú ènìyàn tó ń wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀rọ kọ̀ fún un nígbà àkọ́kọ́."

"Ó kọ̀."

"Tó o bá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Wọn kì í ya àwọn méjì tó jọ wà nínú ọkọ̀ kan. Tí ọ̀kan bá já, èkejì náà já. Burlak àti Timur á gba ipò wa. Kí àyè mìíràn tó yọ, èmi á ti pé ọdún mẹ́tàlélógójì, Taya. Wọn ò tún ní pè mí mọ́."

Ó mú àkísà ìnutábìlì. "Tẹ́ ẹ bá kú síbẹ̀, wọn á fi orúkọ rẹ sọ títì kan. Wọn á gbé ère rẹ dúró, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á máa kó òdòdó wá. Èmi á sì máa gba títì Pakomov lọ ra kábéèjì. Mi ò fẹ́ títì, Rodya. Ọkọ ni mo fẹ́." Ó nu ojú tábìlì tí kò dọ̀tí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní ní kó o lọ sọ. Tí mo bá ní kó o lọ, èmi ni wàá máa wò títí ayé bí ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ."

Ọjọ́ karùn-ún

Mo bá Gleb nílé ìwẹ̀ olóoru. Àwa nìkan la wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí pẹpẹ òkè, ewé igi lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi na ara rẹ̀ léjìká.

"Ẹ lọ sọ ọ́ fúnra yín, Artemyich. Ẹ ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Wọn á fi ọ̀wọ̀ yọ yín."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà á já."

"Wàá já, o wá ń bẹ̀ mí pé kí n já ọ? Orí rẹ ti gbóná. Sọ̀ kalẹ̀ lọ mumi."

"Mo ń bẹ̀rù."

"Èmi ò bẹ̀rù."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Ó sọ ewé náà sínú korobá. Òógùn bo ojú rẹ̀, èyí tó ń ríran àtèyí tí kò ríran. "Gbọ́ mi. Mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mi ò ní ìyàwó, mi ò bímọ. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo ní láyé yìí, ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi mú lo fẹ́ tì í mọ́ mi lójú?"

"Tí abẹ́rẹ́ bá kú lókè ńkọ́?"

"Kò ní kú."

"Ó kú níwájú Foma."

"Foma ló pa á!" Ohùn rẹ̀ gba inú yàrá kan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti yí padà. "Tó o bá fẹ́ sọ ọ́, lọ sọ ọ́. Ẹsẹ̀ tèmi kò ní gbé mi débẹ̀."

Ọjọ́ kẹjọ

Ọjọ́ àwọn obìnrin. Mo rò pé kò ní wá. Ó wá, pẹ̀lú òdòdó mímósà ìdì méjì, ọ̀kan fún Taisia, ọ̀kan fún Ulyana. Ó fi ẹnu ko ọwọ́ ìyá, ó sọ fún ọmọ pé, "Ulyana, ọkọ tó o máa fẹ́ gbọ́dọ̀ lè dáná nínú yìnyín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mú un wá kí n lù ú." Ó jẹ àkàrà òyìnbó ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò bá mi sọ̀rọ̀ rárá, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀ nípa mi, ó ń mi orí.

Nígbà tó ń lọ, Taisia dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó. "Ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri," ló wí. Ó kó òdòdó náà sínú omi, ó bú sẹ́kún.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn Rimma Lvovna. Mo padà. Mo ní ó di ọ̀la.

Ọjọ́ kẹwàá

Mo ní ó di ọ̀la.

Ọjọ́ kọkànlá

Mo ti sọ ọ́.

Rimma Lvovna gbọ́ mi délẹ̀. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó ṣí ìwé kan.

"Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì, mo bi yín."

"Ẹ bi mí."

"Ẹ ní kò sí."

"Irọ́ ni mo pa."

"Ẹ mọ̀ pé màá kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

"Mo mọ̀."

Ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló fa pátákó mìíràn jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí lẹ́tà lára rẹ̀. Òrùka ló kún ibẹ̀, òrùka tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ já. Ó gbé e kọ́ sórí ti àtijọ́, ó sì ránṣẹ́ pe Gleb ní aago méjì.

Ó yẹ kí n ti lọ. Mo jókòó sórí àga gígùn tó wà níta. Wọn ò ti ilẹ̀kùn pa tán.

"Gleb Artemyevich, ẹ fọwọ́ bo ojú òsì. Kí lẹ rí ní ìlà kẹwàá?"

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka lẹ́tà. Lẹ́tà lẹ́yìn lẹ́tà, ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ọ̀gágun níwájú ọmọ ogun, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Ó ka ìlà kẹwàá tán, ó ní, "Ṣé kí n ka ìkẹsàn-án?"

Mo gbọ́ tí àga Rimma Lvovna ha ilẹ̀.

"Gleb," ló pè é, ó pè é ní orúkọ lásán, láìfi ti bàbá rẹ̀ kún un, "ẹ ṣí ojú òsì, kí ẹ wá fi wò ó."

Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó jáde, ó kọjá níwájú mi. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mi ò mọ̀ bóyá kò rí mi ni, àbí kò fẹ́ rí mi.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n ka orúkọ tuntun síta: Burlak àti Askerov. Timur, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wá bá mi níbi tí a ń kó aṣọ sí. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ." Mo ní kó má sọ nǹkan kan, kó lọ kọ́ bí wọ́n ti ń ka abẹ́rẹ́ sókè.

Nílé oúnjẹ, mo jókòó sídìí tábìlì kan, àwọn méjì tó wà níbẹ̀ rántí pé àwọn ní iṣẹ́. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Ẹ fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu o, ọlọ́fòófó dé." Mo mọ ohùn náà. Ẹni yẹn ti sùn nílé mi rí.

Dókítà ní awọ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú Gleb ló ń ṣí kúrò. Wọ́n ti gbé e lọ sí Moscow fún iṣẹ́ abẹ. Mo bi Rimma Lvovna pé bí Gleb bá gòkè ńkọ́, pẹ̀lú ìwúwo tó ń tẹ ara nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá gbéra? Ó ní, "Ó lè ya tán. Ó sì lè má ya. Ẹ má wá ìtùnú lọ́dọ̀ mi, Rodion Yegorovich, òótọ́ nìkan ni mo ní."

Ọjọ́ kejìlélógún

Mo ti ní ìrètí díẹ̀ nínú, mi ò kọ ọ́ síbí nítorí ìtìjú. Mo rò pé wọ́n lè fi mí sábẹ́ ọ̀gá mìíràn. Ọ̀gágun Kasyan Petrovich pè mí. Kò ní kí n jókòó.

"O sọ òótọ́. Mo dúpẹ́. Àmọ́ ọjọ́ méjìdínlógún lo fi pa irọ́ mọ́ inú kó o tó sọ ọ́. Tí mo bá fi ọ́ sínú ọkọ̀, tí o rí ohun kan tó bàjẹ́, ṣé ọjọ́ méjìdínlógún náà lo máa fi rò ó?"

Ó pa ìwé mi dé.

"Burlak ní ohùn rẹ lòun fẹ́ máa gbọ́ láti ilẹ̀. Lọ bá wọn nídìí rédíò."

Taisia ti se ọbẹ̀ bíìtìrúùtù. Mo jẹ àwo méjì. Ó ní òótọ́ kò pa mí, òun rí i pé ebi ń pa mí. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú.

Ulyana ti gbọ́ nílé ẹ̀kọ́. Kò sọ fún mi pé òun gbọ́. Ó kàn jókòó tì mí, ó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mi, bó ti máa ń ṣe nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Wọ́n ti gbéra. Mi ò sí níbi ìgbéra, Moscow ni mo wà, nínú yàrá ńlá, agbọ̀rọ̀sọ rédíò létí. Ohùn Timur wọlé, ó ń mí gùlegùle bí ẹni tí wọ́n gbé òkè lé láyà, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ohun gbogbo ń lọ déédéé." Ohùn mi dá ṣáká. Gbogbo wọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ keje

Ọkọ̀ náà so ara rẹ̀ mọ́ ilé.

Ọgọ́rùn-ún mítà, ọgọ́ta, ogún, mẹ́jọ. Ẹ̀rọ kò kọ̀. Abẹ́rẹ́ kò kú. Burlak kò fọwọ́ kan ọ̀pá ìtukọ̀ rárá. Wọ́n jókòó, wọ́n káwọ́, ọkọ̀ gbé wọn débẹ̀ bí ẹni gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ. Afọ́jú pátápátá ì bá débẹ̀.

Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo lọ dúró níta, òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé n kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Kò ràn mí lọ́wọ́.

Ọjọ́ kejìlá

Ọjọ́ àjọ̀dún àwa tó ń lọ sójú òfuurufú. Wọ́n ń fi àwòrán Burlak àti Timur hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n léfòó nínú ilé òkè, ìwé lọ́wọ́. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Ulyana tún un tàn. "Pápá, o ò lè máa sá fún un," ló wí. A jọ wò ó tán.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Sátidé. Taisia ń po ìyẹ̀fun, èmi ń lọ ẹran, à ń ṣe pẹlimẹ́ní, ẹran tí a fi ìyẹ̀fun wé, tí a ó sì bọ̀. Nǹkan bí aago kan ọ̀sán, wọ́n kanlẹ̀kùn.

Gleb ni. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ojú ọ̀tún rẹ̀, ó ti rù, aṣọ rẹ̀ fẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Kò kí mi. Ó dúró lórí ẹní ìnusẹ̀.

"Wọ́n ní ọkọ̀ ló so ara rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Artemyich."

"Fúnra rẹ̀."

"Fúnra rẹ̀."

Ó fẹsẹ̀ nu ilẹ̀ pẹ́. Taisia ti jáde wá, ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Àwọn dókítà ní ó lè ku ìdá mẹ́rin kan," Gleb wí. "Ìdá mẹ́rin ojú. Ó tó láti fi mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́." Ó gbé ojú tó kù sókè, ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ilé ìwẹ̀. "Mi ò tíì dárí jì ọ́ o, Rodion. Kó yé ọ. Bóyá mi ò sì ní dárí jì ọ́ láéláé. Ebi ló ń pa mí. Wọ́n ò mọ oúnjẹ sè nílé ìwòsàn yẹn."

"Ẹ bọ́ bàtà yín, Gleb Artemyevich," Taisia wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ni."

Ó wọlé. Ó jẹ pẹlimẹ́ní méjìlélógójì. Ulyana ló kà á. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tó jẹ tán, ó ní ata kò tó.

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Ó tún wá. Ó mú ata dání.